A Kì Í Fi Ojú Olójú Ṣòwò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ayédèrú Ṣẹ́ẹ̀kì àti Álẹ́ẹ̀tì Irọ́ ní Àlàbá Rago

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn àwọn baba ńlá wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èyí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ojú ewé wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà ni. Àwọn kan lè wí pé, kí ni ó kan àlùfáà àti olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ báńkì? Èsì mi ni pé níbi tí a bá ti ń fi irọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu opó, ọ̀rọ̀ náà kan àlùfáà. Níbi tí a bá sì ti ń sọ ẹni tí kò mọ̀wé di ẹran ìjẹ, ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Àgbádárìgì jáde kúrò ní Èkó ni ó mọ Àlàbá Rago, ní ilẹ̀ Ọ̀jọ́, ilẹ̀ àwọn Àwórì. Rago ni àwọn Hausa ń pe àgbò, orúkọ ẹran náà ni ọjà náà sì ń jẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbò nìkan ni a ń tà níbẹ̀. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀, ata gbígbẹ, ẹ̀wà àti àwọn ẹrù àlòkù. Hausa ń bẹ níbẹ̀, Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Ìgbò àti Ègùn kò gbẹ́yìn. Àwọn ará Ìbà àti Okokomaiko ń wá ra oúnjẹ níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, náà ń wá. Èmi pẹ̀lú ń ra ẹ̀wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, n kò sì fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú ọjà náà. Nítorí náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe wúwo ní ọkàn mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún Iléyá kan tí kò tíì pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ Màlámù kan tí í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Màlámù yìí ti ń ta àgbò níbẹ̀, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó pè é ní Bàbá, ó yan àgbò méjì tí ó sanra, ó sì ná wọn títí ọ̀rọ̀ fi wọ̀. Nígbà tí ó kan owó sísan, ó ní òun kò kó owó lọ́wọ́. Ó gba nọ́ńbà àsùnwọ̀n Màlámù, ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé e fún Màlámù wò: àmì aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí ó ń wí pé owó ti lọ. Kò pẹ́ tí fóònù Màlámù fi dún. Orúkọ báńkì rẹ̀ gan-an ni ó wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Màlámù kò ka Gẹ̀ẹ́sì; ó pe ọmọ kan tí ń ta omi inú ọ̀rá kí ó bá òun kà á. Ọmọ náà ka iye owó náà, iye náà sì pé. Wọ́n gbé àgbò méjèèjì sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di gbére.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màlámù lọ gba owó lọ́dọ̀ oní-POS, kí ó lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kó àgbò fún un láwìn láti Òkè Ọya. Ibẹ̀ ni a ti sọ fún un pé kò sí kọ́bọ̀ tí ó wọ inú àsùnwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbò tí wọ́n gbé lọ kì í ṣe tirẹ̀. Gbèsè ni ó bọ́ sí i lọ́rùn, ọ̀pọ̀ oṣù ni ó sì fi san án. Nígbà tí mo lọ kí i, ó wí fún mi pé, “Bàbá Àlùfáà, owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ yẹn ni ó dùn mí jù.” Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fún un.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ísáákì arúgbó, tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Ohùn tí ó gbọ́ kọ ọ́ lóminú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bò ni ó gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni álẹ́ẹ̀tì irọ́ rí. Awọ ni a fi bo ọwọ́. Owó kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ pa awọ náà kí ó sì dákẹ́. Ó ní láti wá ẹ̀rí mìíràn tí kò ti ọwọ́ ẹni tí ó ní ànfààní nínú irọ́ náà wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀nà olè kò lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà kan ni pé wọ́n ń lo àwọn ètò tí a fi ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ránṣẹ́ lè kọ orúkọ dípò nọ́ńbà, kí ó sì fi orúkọ báńkì bojú. Ọ̀nà kejì ni pé wọ́n ń lo ètò orí fóònù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ya ayédèrú rìsíìtì lọ. Ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan báńkì rárá. Kò sí owó tí ó kúrò níbì kan, kò sì sí èyí tí ó dé ibì kan. Ọ̀rọ̀ lásán ni.

Báwo ni àwọn alátẹ wa ṣe dé inú ewu yìí? Ní oṣù October ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó bébà di ohun àwátì, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù March ọdún náà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ìyá tí ń ta ata ìwọ̀nba kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó gba owó lórí fóònù. A tì wọ́n sínú omi kí a tó kọ́ wọn ní ìwẹ̀. Owó bébà ti padà, ṣùgbọ́n àṣà tuntun náà kò padà lẹ́yìn wa mọ́.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Ṣẹ́ẹ̀kì ni ẹ̀gbọ́n álẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 1894 ni báńkì tí a mọ̀ lónìí sí First Bank ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ní orúkọ Bank of British West Africa. Nígbà tí àwọn àgbà wa rí i pé àwọn òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò aláwọ̀ dúdú lówó, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Akinọlá Májà, T. A. Doherty àti Ọlátúndé Johnson dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní ọdún 1933; ní ọdún 1945, Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá Àgbọ́nmágbẹ̀ Bank sílẹ̀, èyí tí ó di Wema Bank lẹ́yìn náà. Nínú irú báńkì wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò wa ti kọ́ pé ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe owó. Lẹ́tà ni, tí ẹnì kan kọ sí báńkì rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun san owó fún lágbájá. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà, tàbí bí kì í bá ṣe òun ni ó kọ ọ́, bébà lásán ni o dì mú.

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ni pé báńkì lè kọ iye owó náà sínú àsùnwọ̀n rẹ kí owó náà gan-an tó dé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1987 pa á láṣẹ fún báńkì láti jẹ́ kí oníbàárà rí owó irú àwọn ṣẹ́ẹ̀kì kan ná láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó mọ̀ pé ayédèrú ni ṣẹ́ẹ̀kì náà, nígbà náà báńkì yóò gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un wá. Inú àlàfo yìí ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbé. Wọn a kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí ó ju iye ọjà lọ sí arúgbó kan, wọn a ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tí ó ṣẹ́kù ránṣẹ́ padà sí mi.” Owó tí arúgbó náà fi ránṣẹ́ jẹ́ owó òtítọ́, ṣẹ́ẹ̀kì tí ó gbà jẹ́ irọ́.

Ó sì dùn mí láti sọ pé orúkọ Èkó wà nínú ìtàn náà. Ní ọdún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn agbófinró Nàìjíríà, Kánádà, Netherlands àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ti gba ayédèrú ṣẹ́ẹ̀kì tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, tí iye tí a kọ sára wọn lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹ má sì ṣe rò pé àwọn púrúǹtù nìkan ni wọ́n ń tàn. Láàárín ọdún 1995 sí 1998, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tan ọ̀gá kan ní báńkì Banco Noroeste ní Brazil jẹ, wọ́n gba mílíọ̀nù 242 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ fún pápákọ̀ òfuurufú tí kò sí. Ọ̀kan nínú wọn pe ara rẹ̀ ní gómìnà Báńkì Àpapọ̀ wa. Ọ̀gá báńkì ni ẹni tí wọ́n tàn, ó mọ̀wé, ó mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń tà á ni ó fi ń wo ọjà. Àwọn àgbà ti wí pé a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ 419 nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa, èyí tí gbogbo ayé ti sọ di orúkọ ìnagijẹ fún wa, ń bá ẹni tí ó fi ẹ̀tàn gba ohun olóhun wí. Ní ọdún 1977, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fi ṣẹ́ẹ̀kì gba ọjà tàbí ìyáwó, tí kò sì sí owó lẹ́yìn rẹ̀, yóò lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì láìsí owó ìtanràn, bí a bá ti mú ṣẹ́ẹ̀kì náà lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta. Òfin ti ọdún 2006 lórí jìbìtì tún le ju èyí lọ: ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, ó sì lè tó 20. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí òfin bá ń wọlé, àgbò ti di ọbẹ̀. Ìdènà ni ó ṣàǹfààní fún aláìní, nítorí kò ní owó ọkọ̀ tí yóò fi máa lọ sí ilé ẹjọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ara wa, kí a sì kọ́ àwọn ará ọjà ní nǹkan wọ̀nyí. Èkíní, má ṣe wo fóònù ẹni tí ń rajà. Kò sí ohun tí a kò lè yà sójú rẹ̀. Inú àsùnwọ̀n tìrẹ ni kí o wò, yálà lórí ètò báńkì rẹ, tàbí kí o tẹ nọ́ńbà tí báńkì fún ọ láti fi bèèrè iye owó rẹ, kí ọjà tó kúrò ní ìsọ̀. Èkejì, mọ iye tí ó wà nínú àsùnwọ̀n rẹ ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí èmi àti Màlámù tún àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ náà yẹ̀ wò, a rí i pé iye àpapọ̀ owó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu rárá. Ọmọ tí ó bá a kà á kò ka ìlà yẹn, nítorí kò sí ẹni tí ó ní kí ó kà á.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì, wo ọjọ́ orí rẹ̀, wo bóyá iye tí a fi ọ̀rọ̀ kọ bá èyí tí a fi nọ́ńbà kọ mu, ṣùgbọ́n má ṣe dúró síbẹ̀. Bí o bá fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ báńkì tí ó ni ṣẹ́ẹ̀kì náà, nọ́ńbà tí o fúnra rẹ wá rí ni kí o pè, má ṣe pe èyí tí a kọ sára ṣẹ́ẹ̀kì tàbí èyí tí oníbàárà fún ọ. Kí o sì bi báńkì tìrẹ léèrè báyìí pé, “Ṣé owó náà ti dé, tàbí ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni?” Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀kẹrin, ẹnikẹ́ni tí ó bá san ju iye ọjà lọ, tí ó sì ní kí o dá ìyókù padà kíákíá, má ṣe fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ̀karùn-ún, má ṣe fi nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ tàbí nọ́ńbà BVN rẹ, tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2014, han ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ bá ọ wá owó tí kò wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, olè kejì ni ẹni náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Àlùfáà, bí a bá ń dá oníbàárà dúró báyìí, yóò bínú lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, n kò sì fẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé owó òtítọ́ pẹ́ lọ́nà, kí olóòótọ́ ènìyàn sì dúró nínú oòrùn bí ẹni pé olè ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń ka owó ẹyọ, ojú ẹni tí ń san àti ojú ẹni tí ń gbà ni a fi ń kà á, kò sì sí ẹni tí ó pe kíkà náà ní ìwọ̀sí. Ẹlẹ́rìí wà nídìí ìdáná, ẹlẹ́rìí wà nídìí àjọ. Ìyẹ̀wò kì í ṣe ẹ̀gàn. Àṣà wa ni. Bí gbogbo ìsọ̀ ọjà bá fohùn ṣọ̀kan pé ọjà kò ní í gbéra kí owó tó wọlé, oníbàárà kò ní ìsọ̀ mìíràn tí yóò sá lọ. Fún ẹni tí owó rẹ̀ pẹ́, gbé àga fún un, fún un ní omi, kí o sì bá a ṣàwàdà títí owó yóò fi dé. Olóòótọ́ yóò jókòó. Ẹni tí ó bá ń kánjú jù, tí ó ń gbé ohùn sókè, ẹ kíyè sí i.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún àwọn báńkì. Èdè wo ni álẹ́ẹ̀tì tí ó wá sórí fóònù Màlámù? Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wo ni èyí tí ń wá sórí tèmi? Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Bí a bá pe àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n ń bi wá bóyá Yorùbá, Hausa tàbí Ìgbò ni a fẹ́ gbọ́. Èéṣe tí báńkì tí ń gba owó lọ́wọ́ wa lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò fi lè kọ ìlà mẹ́ta ní èdè tí oníbàárà yàn? Bí Màlámù bá rí álẹ́ẹ̀tì ní Hausa láti ìgbà pípẹ́, èyí tí ó wá ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà ìbá ti fu ú lára. Ẹgbẹ́ wa ti ń pariwo ọ̀rọ̀ èdè fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan sì ń rò pé ọ̀rọ̀ orin àti ewì nìkan ni. Ẹ wò ó báyìí: ọ̀rọ̀ àgbò méjì ni, ọ̀rọ̀ gbèsè ọ̀pọ̀ oṣù ni.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi le díẹ̀, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní ìpàdé kan, ẹnì kan dìde ó ní àwọn àlejò ni ó ba ọjà wa jẹ́. Mo bi í pé, lọ́wọ́ àlejò wo ni ọmọ yẹn ti kọ́ ìdọ̀bálẹ̀? Ọmọ tí ó tan Màlámù jẹ mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ilé wa ni ó ti kọ́ ọ. Ó mú ohun tí ó lẹ́wà jù lọ nínú ẹ̀kọ́ wa, ó fi ṣe ìwọ̀ ẹja. Ayédèrú méjì ni ó ná lọ́jọ́ náà, ti owó àti ti ọmọlúàbí, ayédèrú kejì ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Bí àwọn àgbà ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀, kí ni yóò kù fún wa tí a ó máa pè ní àṣà? Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ bá mú àgbò wálé, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i kí ẹ tó pọ́n ọ̀bẹ.

Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan nínú oṣù láti kọ́ àwọn ará ọjà ní ohun tí mo kọ sókè yìí, ní Yorùbá, Hausa, Ìgbò àti Ègùn, láìgba owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ ní Àlàbá Rago. Màlámù sì ti ṣèlérí àga àti omi.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ilẹ̀ wa,
Olùkọ́ Àlùfáà, Ọ̀jọ́.